Bí Lọ́ńdọ̀nù Ṣe Jìnnà Tó Lójú Orun

Ẹ jókòó kí n rọ́ àlá mi fún yín, bí ẹ bá sì rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú. Mo lá a lóru àná pé mo dé pápákọ̀ òfurufú, aṣọ ìbora ló wà lọ́rùn mi. Mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ sọ ọmọ tí Àrínọlá bí lórúkọ. Àrínọlá yìí nìkan lọmọ tí mo bí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìkókó á pé ọjọ́ mẹ́jọ. Orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, mo sì pa ẹnu dé gbàgbà, torí a kì í pe orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ ìkómọ tó pé.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọn ọ̀nà ń léfòó lókè àjà. Mo gun àga débẹ̀. Akọ̀wé kan mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ó fi wọn àyà mi.

"Bàbá, ọ̀nà yín jìn o! Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọkọ̀ òfurufú ń fi rìn ín, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni tiyín."

Kò parọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí n kò fojú kan ọmọ mi.

"Ta lẹ fẹ́ lọ rí?"

Mo kàn mi orí. Bí mo bá la ẹnu, orúkọ á já bọ́. Inú bí akọ̀wé, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ìrìnnà mi. Mo dúró kó jẹun tán. Òṣìṣẹ́ ìjọba kúkú ni, ebi lè máa pa á. Ó gbé e mì, ó ní kí n wọ ọkọ̀.

Inú ọkọ̀ náà, pálọ̀ mi ní Ìkirè ni. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Àga ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan náà ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àánú ara mi ṣe mí.

Nígbà tó yá, a rí pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lókèèrè. Bí a ti ń sún mọ́ ọn ló ń fẹ̀yìn rìn, bí ọmọdé tí wọ́n ń pè wá wẹ̀. Àrínọlá dúró síbẹ̀, ó pọn ọmọ.

"Bàbá mi! Ẹ dáhùn, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni!"

Ọjọ́ keje ṣì ni. Mo pa ẹnu dé. Ó rò pé mò ń bínú sí òun, ló bá yí padà, ó ń lọ. Ó dùn mí wọra.

Fóònù ló jí mi. Ilẹ̀ ti mọ́.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o. Gbogbo èèyàn ti pé. Ẹ pe orúkọ ọmọ."

Mo la ẹnu. "Rẹ̀mílẹ́kún."

Ohùn mi pẹ́ lọ́nà. Mo dúró, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "Àmín" lẹ́nu àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí.

"Bàbá mi, ọmọ ti sùn lọ o."

Mo ní kò burú, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo tọ́ oyin lá, mo tún orúkọ náà pè sínú ilé. Mo dúró díẹ̀, mo wá ṣe àmín fúnra mi.