Àwọn Tó Rán Abdulbaqi Níṣẹ́

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2025, Abdulbaqi ọmọ Sìlífátù kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀.

Súbérù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ni wọ́n pè lórí fóònù. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sotega, níbi tó ti ń ta páìpù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ẹni tó pè é kò ní sùúrù. Faransé ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n lòun ti ń pè, ó dárúkọ Abdulbaqi, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan parí rẹ̀: décédé, ìyẹn ni pé ó ti kú. Faransé ọjà ni Súbérù gbọ́. Ó gbọ́ ti iye ọjà, ó gbọ́ ti ẹrù, ó gbọ́ ti àwọn tó ń gba owó orí. Décidé ni etí rẹ̀ mú, ìyẹn ni pé wọ́n ti pinnu. Ohun tó sì ti ń retí láti ọdún tó kọjá nìyẹn, kí adájọ́ pinnu. Ó dúpẹ́. Ó ní, "Merci, monsieur. Merci beaucoup." Ó tún fi Yorùbá gbàdúrà lé e pé kí Ọlọ́run san án fún un. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì pa fóònù.

Súbérù kì í ṣe ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn kí ará ilé tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó sáré wọlé bá Hassanat aya rẹ̀, ó ní kó wá aṣọ mímọ́ fún ọmọ náà, kó sì gbé ìrẹsì kaná, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yanjú. Ó ká bùbá àti ṣòkòtò funfun sínú ọ̀rá, ó wọ takisí.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́dà kan wo aṣọ náà, ó mi orí, ó ní ó dára bó ṣe tètè mú aṣọ wá. Súbérù bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ni ọmọ náà máa gbà jáde. Wọ́dà náà wò ó títí. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ kò tíì yé àgbàlagbà yìí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ara rẹ̀ dé, ó sì gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Súbérù kò ké. Kò sì jókòó. Gbogbo ohun tó ń yí lórí rẹ̀ ni pé òun ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́dà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rọra ṣàlàyé pé ibà ni, pé ọmọ náà ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ púpọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Súbérù pe àbúrò rẹ̀ ní Ṣakí. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi òwe dì í. Ó retí igbe, igbe kò dé. Ohun tí Sìlífátù kọ́kọ́ bi í nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ mi jalè?"

Súbérù kì í purọ́. Àwọn tó ń bá a ra ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "N kò mọ̀."

Sìlífátù ní òun ti gbọ́. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ẹkún ìyá tó sọ ọmọ nù tí kò sì lè gbé orí sókè lójú àwọn ará àdúgbò tó ń bá a dárò. Ní Ṣakí, ohun tí wọ́n ti ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni pé Abdulbaqi lọ kó ẹgbẹ́ olè ní Gàbọ́ọ̀nù.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Súbérù ra ẹ̀rọ ìfami mẹ́rin lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Okala, ó gba rìsíìtì. Ó ní kí Abdulbaqi lọ kó wọn wá. Ọmọ náà kò tíì pẹ́ nílùú. Bonjour àti merci ni gbogbo Faransé rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dá takisí rẹ̀ dúró ní Angondjé, wọ́n yẹ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wò, ó já sí ẹrù tí wọ́n jí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọ́n mú un.

Súbérù lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Ó ní òun lòun rán an. Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti wá ògbufọ̀ fún ọmọ náà lánàá, ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀: àwọn ọ̀gá kan ló rán an, wọ́n pọ̀, ó sì kọ̀ jálẹ̀, kò dárúkọ ẹnì kan nínú wọn. Ó ní Súbérù jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, pé ó kàn fẹ́ bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí ni. Ọkùnrin Okala ti pa fóònù rẹ̀, kò sí ẹni tó tún rí i. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Súbérù sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ ilé, pé àwọn tó fara pamọ́ làwọn ń wá.

Àwọn ọ̀gá wo? Súbérù wádìí lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà, ó wádìí ní mọ́sálásí. Kò sí ẹni tó rí Abdulbaqi pẹ̀lú ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Síbẹ̀ ọlọ́pàá kò lè dédé hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹnu ọmọ náà fúnra rẹ̀ jáde. Ìfura wọ inú Súbérù bí ikán ṣe ń wọ igi. Lóde ara igi ń dán, nínú ó ti di ìyẹ̀fun. Ó gba lọ́yà. Lọ́yà náà kò béèrè ohun mìíràn ju orúkọ àwọn ọ̀gá yìí lọ, pé bí orúkọ bá jáde, ọmọ jáde.

Ó rọrùn kí èèyàn ní ṣé kò lè bi í ni. Ó lọ bi í. Ṣùgbọ́n wọ́dà tó máa ń wà níbi ìbẹ̀wò ní Faransé nìkan ni kí wọ́n máa sọ, kí òun lè mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà àti ọmọ rẹ̀ á jókòó kọjú síra wọn.

"Bonjour, Bàbá."

"Bonjour. Ça va?"

"Ça va."

Ó tán. Wọ́n á máa wo ara wọn títí agogo á fi lù. Lọ́jọ́ kan, Abdulbaqi kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé," wọ́dà sì fi ọwọ́ gbá tábìlì. Súbérù, tí í ṣe ẹni tó ń pa òfin mọ́, tó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ fi ìyà mìíràn kún ti ọmọ náà, gbé ìka lé ètè ara rẹ̀ pé kó dákẹ́. Ọmọ náà dákẹ́. Kò tún gbìyànjú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n sin ín. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ń wá kí wọn nílé. Àrẹ̀mú wà lára wọn, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tó tún jẹ́ díákónì ní ìjọ rẹ̀. Ó mú Merveille ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Angondjé. Libreville ni wọ́n bí i sí.

Merveille ní, "Bàbá, o kú ọ̀fọ̀."

Àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó wo ara wọn. Ojú ti Àrẹ̀mú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Alájì. Yorùbá rẹ̀ kò ní iyọ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Hassanat wí. "Tèmi ń pè mí ní 'ìwọ' láàárín ọjà. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, ẹgbẹ́ wọn ni gbogbo àgbà."

Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, irú èyí tó máa ń bọ́ nílé ọ̀fọ̀ tí kì í pẹ́. Merveille kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rí àwòrán òkú náà nínú ìkéde lórí Wáàsáàpù àwọn ọmọ Nàìjíríà, òun sì mọ ojú rẹ̀. Òun ni àwọn ọlọ́pàá wá pè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ náà, pé kó wá gbọ́ èdè ọmọ Nàìjíríà kan fún wọn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Wọn kò tún pè é mọ́. Òun rò pé wọ́n ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

Súbérù kò kúrò lójú kan. Ọ̀rọ̀ tó ti ń wá láti ìgbà yìí wá, ẹni tó ní in ló jókòó sórí àga rẹ̀ yìí.

"Kí ló wí gan-an?" ló bi í. "Má tún un ṣe. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Merveille di ojú díẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń rántí àkọ́sórí. Nígbà tó la ẹnu, ohùn Ṣakí ló jáde.

"Ó ní, 'Àwọn bàbá mi ni wọ́n rán mi. Wọ́n ti sanwó ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún wọn, wọ́n ń dúró dè mí.'"

"Báwo lo ṣe wá sọ ọ́ fún wọn?"

"Mo ní les patrons. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ bàbá. Mo ní àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni. Police ní mélòó. Mo bi í. Ó ní, 'Mélòó báwo?' Ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Mo ní kó pe orúkọ wọn. Ó ní ta lòun tí òun á fi pe orúkọ wọn mọ́ wọn lórí."

Àrẹ̀mú ṣí fìlà rẹ̀. Hassanat fi gèlè bo ẹnu. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Merveille," ni Súbérù wí, "ẹnì kan ni."

"Ó ní 'wọ́n'."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ní 'àwọn'. Mo gbọ́ dáadáa."

"O gbọ́ dáadáa. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Kò yé e. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó fi Faransé bi í. Àrẹ̀mú rọra ṣàlàyé fún un pé ní èdè àwọn, bí àgbà bá tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ ẹnì kan, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á máa pè é bí ẹni tó pọ̀, kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Súbérù ń wo ojú ọmọbìnrin náà. Ó rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára.

"Ta wá ni?" ló bi í.

"Èmi."

Àrẹ̀mú ní, "Alájì, ẹ̀bi tèmi ni. N kò kọ́ ọ."

Súbérù kò gbé orí sókè. "Èmi," ló wí, "mo kọ́ tèmi."

Ẹnì kan dìde níkẹyìn, ó kí wọn pé ó dìgbà ó ṣe, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Merveille ló jáde gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó wo ilẹ̀, ó lọ.

Súbérù mú fóònù, ó pe Ṣakí. Àwọn obìnrin àdúgbò wà lọ́dọ̀ Sìlífátù. Ó ń gbọ́ ohùn wọn.

"Sìlífátù, ohun tí o bi mí níjọ́sí. Kò jalè."

Sìlífátù ní, "Àwọn tí wọ́n ní wọ́n rán an ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi."

Ó ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń mí. Ó rò pé yóò sọ ọ̀rọ̀ sí òun, ó sì ti múra láti gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò ju èyí lọ:

"Ẹ jẹ́ kí n gbé ohùn yín síta, kí àwọn tó wà níbí gbọ́. Ẹ tún un sọ."

Súbérù dìde dúró. Ó tún un sọ. Nígbà tó parí, ó ń gbọ́ tí àwọn obìnrin náà ń pòṣé, tí wọ́n ń ké orúkọ Ọlọ́run, ó sì ń gbọ́ ẹkún Sìlífátù láàárín wọn. Ẹkún náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì fúyẹ́ jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ gba ẹrù òkú ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Inú àpò ìrẹsì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun tí Abdulbaqi fi sílẹ̀ nìyí:

Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan ti ya léjìká.

Ìgò oníke tó fi ń ṣe àlùwàlá.

Tẹ̀sùbáà, wọ́n ti fi òwú tún ojú rẹ̀ so.

Ààbọ̀ ọṣẹ, wọ́n dì í sínú ọ̀rá.

Ṣíbí kan.

Oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí nọ́ọ̀sì fún un, pákẹ́ẹ̀tì kan. Ó ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Páálí bisikí tó tẹ́ pẹlẹbẹ, èyí tó ń gbórí lé sùn.

Sálúbàtà onírọ́bà, ti ẹsẹ̀ òsì nìkan.