Ṣé Omi Wà Nínú Odò Zayandeh?

Ọjọ́ méjì péré ni ọ̀gá Farangis fún un láti sinmi nínú gbogbo oṣù náà. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró tó ń ta òògùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó mumi. Síbẹ̀, bó ṣe délé ní Tehran, ó fa bébà jáde, ó jókòó ti Turan ìyá rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn àjò wọn sí Isfahan.

"Ọjọ́bọ̀, Afárá Olójú Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," Farangis ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. "Ká jókòó díẹ̀. Ká wá rọra gba etí odò lọ sí Afárá Khaju."

"Ká jókòó lẹ́ẹ̀mejì ká tó dé Khaju," ni ìyá wí. "Orúnkún mi kì í ṣe ọmọ ogún ọdún."

"Tèmi náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá."

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún náà. Etí odò Zayandeh ní Isfahan ni wọ́n bí Turan sí, ohun kan ṣoṣo tó sì bẹ̀bẹ̀ fún ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn níbẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ṣùgbọ́n odò náà ti sọ ara rẹ̀ di àlejò. Àfi bí wọ́n bá ṣí ìsédò fún àwọn àgbẹ̀ ló ń yọjú. Bí kò bá sí ìyẹn, yanrìn ni. Farangis ò fẹ́ kí ìyá òun fi ìrora rìn lọ wo yanrìn.

Ó pe Bahman, àbúrò ìyá rẹ̀, tí ilé rẹ̀ kọjú sí odò.

"Bọ̀dá Bahman, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi wà?"

"Omi kẹ̀? Ó kún dẹ́nu." Ohùn rẹ̀ ń ta jáde nínú fóònù. "Ẹ ṣáà máa bọ̀, ojú wa lẹ máa tẹ̀ wọlé, ẹ̀yin àlejò pàtàkì."

Farangis mí kanlẹ̀. Ní Isfahan, ta ni yóò gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá kí òun, tí yóò sọ ohun tó lè dá a padà? Bí iná bá ń jó ilé Bahman, yóò ní ooru díẹ̀ ló mú. Ó ní kó gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀.

"Àǹtí Mehri, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ooru yìí ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń ṣí fèrèsé tó kọjú sódò?"

"Èyí tí mo fi aṣọ tutù dí? Eruku fẹ́ pa wá. Kí n nu tábìlì tán, kí n tó gbé tíì dé, mo ti lè fìka kọ orúkọ mi sí i." Farangis gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bá a wí lẹ́yìn. "Àmọ́ omi wà o, ọmọ mi. Ó pọ̀."

Farangis gbé fóònù sílẹ̀. Odò tó kún kì í rú eruku. Ó gbé kálámù lé ìlà àkọ́kọ́ láti fagi lé e. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa wá irọ́ tó dára tó máa pa fún ìyá rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni Turan wí. Hóró ṣúgà kan wà láàárín eyín rẹ̀, ó ń fa tíì gba ibẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó gbẹ. Láti kékeré, bí Bahman bá ti ní nǹkan kún dẹ́nu, ó ti ṣófo nìyẹn."

"Kí wá la fẹ́ lọ wò?"

"Afárá wọ̀nyẹn, kéèyàn máa gòkè, kéèyàn máa sọ̀ ni. Inú odò ló tẹ́jú. Nígbà èwe mi, omi ò jẹ́ kí n fẹsẹ̀ gba abẹ́ Khaju kọjá rí. Ibi tó o kọ 'etí odò' sí, kọ 'inú odò'."

Farangis kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ, ìyá rẹ̀ sì ti ìrọ̀rí tirẹ̀ sábẹ́ wọn.

"Kó o sì fi 'ká jókòó' kan kún un," ni ìyá wí. "Yanrìn máa ń fa ẹsẹ̀."