Ẹni Tí Kì Í Fi Ọkọ̀ Sílẹ̀

Iṣẹ́ Tuhoe kò ju kó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, kó máa wo ibi tí omi ti ń hó. Ẹni tó bá gbé àgbá atẹ́gùn pọ̀n wọ abẹ́ omi, èémí rẹ̀ á máa hó jáde lókè. Bí omi bá ṣe ń wọ́ ọ láti inú òkun wọ inú ọ̀sà, ọkọ̀ á máa tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ erékùṣù Tepuhiri ní iṣẹ́ arúgbó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Lọ́jọ́ tí Moerani, ọmọ rẹ̀, kọ́kọ́ dá kó àlejò lọ sísàlẹ̀, àwọn mẹ́rin ló tẹ̀lé e. Wọ́n fẹ́ wo àwọn ẹja eléyín ṣómúṣómú tó máa ń kóra jọ sẹ́nu ọ̀sà. Ojú márùn-ún ni omi ti ń hó. Tuhoe kà á, ó tún un kà. Kò pẹ́, ó di mẹ́rin.

Ọkàn rẹ̀ ní kó bẹ́ sómi, àmọ́ ó di ìdarí ọkọ̀ mú. Ọdún kọkànlélógún rèé tí Mahinui, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ sómi láti yọ ẹnì kan. Ọkọ̀ òfìfo bá ìgbì lọ, àwọn tó wà lábẹ́ omi yọrí, wọn ò rí ọkọ̀, èèyàn mẹ́ta ni òkun gbé, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo là bá sunkún rẹ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Tuhoe tẹ̀lé àwọn mẹ́rin tó kù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Orí márùn-ún ló yọ nínú ọ̀sà. Atẹ́gùn àlejò kan ló tán, Moerani sì fún un nínú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, èémí wọn wá ń hó jáde lójú kan náà.

Moerani gun ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀.

"Bàámi, ẹ rí i pé ó dín ẹnì kan?"

"Mo rí i."

"Ẹ ò sì bẹ́."

"Mi ò bẹ́."

"Tó bá jẹ́ èmi ni ńkọ́?"

"Àwọn mẹ́rin ṣì wà lábẹ́ omi. Ta ni ì bá kó wọn?"

Moerani kọ ẹ̀yìn sí i títí wọ́n fi dé èbúté. Ó dun Tuhoe wọra. Wọ́n gbé ẹja tútù tí wọ́n rẹ sínú omi àgbọn fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, kò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń so okùn ọkọ̀ lọ́wọ́, ló bá gbọ́ tí ọ̀gá wọn ń sọ fún Moerani pé òun á fún un ní awakọ̀ míì, géńdé tó lè bẹ́ sómi nígbàkigbà.

Moerani ní òun ò fẹ́. "Bàámi ni kí ẹ fún mi. Àní bó bá jẹ́ èmi ni mò ń kú lọ, wọn ò ní fi ọkọ̀ sílẹ̀."