Àáró Ìwé Abọ́sẹ̀dé

Ẹni tó bá mọ àáró kò ní béèrè ìdí tí Abọ́sẹ̀dé fi yan ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ọ̀rún fún ìwé kíkà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkùnrin mẹ́fà ló máa ń pàdé níwájú ilé yẹn láàárọ̀ kùtù, tọkọ́tọkọ́. Òní, wọ́n á ro oko Bámijókò, bàbá rẹ̀. Ọ̀la, oko ẹlòmíì, títí yóò fi kárí. Agbára ni wọ́n fi ń san agbára. Ebè tí ẹnì kan ì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ, ojúmọ́ kan ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, wọ́n á sì tún ní èémí tí wọ́n fi ń bú ara wọn. Abọ́sẹ̀dé fẹ́ràn àáró yẹn ju ọdún Kérésì lọ.

Ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta báyìí, ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ̀. Yunifásítì kan ló kéde pé ẹni tó bá yege nínú ìdánwò mẹ́ta, ọjà títà, ìṣàkóso àti òfin òwò, kò ní jókòó ní kíláàsì ọdún méjì àkọ́kọ́ mọ́. Ọdún kẹta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òwò. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún yìí, àwọn kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bí Abọ́sẹ̀dé bá pàdánù rẹ̀, yóò ti fẹ̀yìn tì kó tó gboyè, bó bá tiẹ̀ rí i gbà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta kò gbọdọ̀ já a kulẹ̀.

Òun ló dábàá àáró. Ó wá Matthew rí, ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Èmùré, àti Ìtùnúolúwa, ọmọbìnrin Ìkéré tó ń ṣe akọ̀wé fún lọ́yà. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n pín fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn yòókù. Ọjà títà ló ṣáájú, nítorí Matthew lè ta yìnyín fún ẹni tí òtútù ń mú. Ìṣàkóso tẹ̀ lé e, torí ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti bá pàdé nínú ti ọjà títà. Abọ́sẹ̀dé ló ni ìyẹn: ó ti sin ọ̀gá ilé ìwé méje, ó mọ èyí tó ń ṣàkóso yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń pariwo. Òfin ló kẹ́yìn, nítorí pé ó le, ó sì fẹ̀yìn ti àwọn méjì yòókù. Ti Ìtùnú nìyẹn.

Àmọ́ ẹ mọ̀ pé onílé àáró ló ń bọ́ àáró. Bí aago mẹ́wàá bá ti ń lù, Abọ́sẹ̀dé á dìde, á gbé iṣu kaná. Ìyá rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á máa wò ó. Èéfín igi yẹn, ariwo odó yẹn, ohùn àwọn àlejò láti inú yàrá: inú Abọ́sẹ̀dé a máa dùn débi pé omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Ó dà bíi pé bàbá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fọ ẹsẹ̀ ni. Ó ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé, ó sì gbà pé ìwé ń wọ òun lórí. Àwọn àlejò náà á fọwọ́, wọ́n á jẹun. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ta ló máa lé iyán gbígbóná padà?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n dán ara wọn wò. Abọ́sẹ̀dé ṣe dáadáa nínú méjì àkọ́kọ́, torí iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ti kọ́ ọ. Nínú òfin, Ìtùnú gba méjìdínlọ́gọ́rin, Matthew gba mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Abọ́sẹ̀dé gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wo ìwé náà títí, ojú tì í bí ọmọ iléèwé. Ìtùnú ṣí ìwé àkọsílẹ̀ Abọ́sẹ̀dé. Déètì wà níbẹ̀, àkòrí wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà, òfìfo.

Ìtùnú rọra sọ pé, “Màmá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lẹ bá wa jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Matthew kò wọ yàrá rárá. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó mú ọmọ odó. Abọ́sẹ̀dé fò dìde. Àlejò ṣe máa gúnyán nílé bàbá òun? Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá rẹ̀ tó na ọ̀pá dí i lọ́nà.

“Abọ́sẹ̀dé, jókòó,” ni ìyá àgbà wí. “Ulé ùdáná kò ní sá lọ. Ogún ọdún ni mo fi gún uyán fún àáró bàbá rẹ. Èmi náà ní oko ẹ̀gúsí létí odò. Uṣẹ́ kárí gbogbo wọn. Kò kàn mí lọ́jọ́ kan.”

Abọ́sẹ̀dé rántí oko náà. Ó rántí bí koríko ṣe bò ó, tí ìyá rẹ̀ ń dá nìkan ro ó nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti fọ àwo ọkùnrin mẹ́fà. Gbogbo ọdún tó ti ń ròyìn adùn àáró yẹn fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò ka ìyá rẹ̀ mọ́ ọn rí. Ó dùn ún wọra. Ó padà, ó jókòó, ó ní kí Ìtùnú bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.

Iyán Matthew kún fún kókó, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yege; Abọ́sẹ̀dé gba mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nínú òfin. Lẹ́tà yunifásítì dé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pàdé ní Ọ̀rún, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò mú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n gbé àga ìyá àgbà dé etí odò, wọ́n bi í léèrè ibi tí ààlà oko rẹ̀ dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.