Ẹni Tó Ń Gbá Àgbàlá Mi

Ọgbà Bàbá Bàsítì, aládùúgbò mi, ni igi fúrúùtù rẹ̀ wà, àmọ́ àgbàlá tèmi ló ń yàgbẹ́ sí. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Àdán á jẹ èso rẹ̀ tán, á wá ju kóró rẹ̀ sórí páànù mi, gbà! Mo bú igi náà, mo bú àdán, díẹ̀ ló kù kí n bú ẹni tó gbìn ín. Gbogbo ènìyàn ló ń gé igi kọ́lé ní àdúgbò Felele níbí, tirẹ̀ nìkan ló dúró gbagidi.

Ṣàdédé ni àgbàlá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Bàbá Bàsítì tó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé mi.

"Òkun o, Màmá Yẹ́misí," ló fi kí mi lédè wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé, ló ń gbálẹ̀ fún mi! Èyí tó tún rú mi lójú ni pé kì í da ewé náà sí gọ́tà. Inú àpò ló ń kó o sí, á dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó di oko.

Mo sọ ọ́ fún Ọláyínká tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ṣé ewé lo rò pé ó ń kó? Yẹ̀pẹ̀ tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń gbé lọ. Orúnkún tó ń dùn ọ́ yìí ńkọ́?"

Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá ní ó ń ṣa nǹkan. Bó bá wo ilẹ̀kùn mi, màá ní ó ń pe orúkọ mi. Orúnkún náà sì ń le sí i.

Nígbà tó di Sátidé, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ mi ṣe?"

Àwọn aládùúgbò ti yọjú. Mo fọwọ́ tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ewé gbígbẹ ni, àti kóró, àti ìgbẹ́ àdán.

Ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún Kàrímọ́tù ìyàwó mi pé orúnkún kì í jẹ́ kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́. Igi mi ló sì ń da ìdọ̀tí sílé yín. Ewé yìí, mo fi ń bo orí ebè iṣu ni, kí oòrùn má baà pa á."

Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́ fún Kàrímọ́tù. Ìtìjú bò mí, mo wọlé láìbẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé tòun ti àdá. Ó gé gbogbo ẹ̀ka tó yọ sí apá ọ̀dọ̀ mi.

"Bàbá Bàsítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó wà."

"Ẹ dúró, kí ẹ máa wò mí," ló fi dá mi lóhùn.

Ó wọ́ ẹ̀ka jáde tán. Nígbà tó dé ààlà wa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó gbá wọn pọ̀ títí yẹ̀pẹ̀ àgbàlá mi fi dà sílẹ̀ tán. Ó fi àtẹ́lẹ̀ wọn hàn mí, kó tó wọ̀ wọ́n, tó sì padà sílé rẹ̀.