Òjé Inú Dúrọ́ọ̀mù Ìrẹsì

Dókítà fi ìka gbé ètè Àtinúkẹ́ sókè, ó ní kí Mosúnmọ́lá, ìyá ọmọ náà, wò ó. Ìlà tín-ín-rín kan, tó dúdú bí aró, wà níbi tí erìgì ti pàdé eyín. Mosúnmọ́lá ti rí i tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì ti fi orín ha á títí, kò lọ.

"Òjé ni," ni dókítà wí. "Ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń lọ́ ọ nínú, òun ló jẹ́ kó funfun báyìí. Bó bá pẹ́ lára ọmọdé, á ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ta ló ń yọ́ òjé nílé yín?"

"Kò sí, sà. Ìrẹsì là ń bọ̀ ní Ìjàn. Kò sí alágbẹ̀dẹ nínú ìran wa."

Dókítà ní kó lọ wá ibi tí òjé náà ti ń wá, torí oògùn ò ní ràn án bó bá tún ń jẹ ẹ́.

Àtinúkẹ́ ti pé ọdún mẹ́fà, ó yẹ kó máa sáré, àmọ́ ó ti tún di ẹni à ń pọ̀n. Mosúnmọ́lá pọ̀n ọ́n lọ sí Fájuyì l'Adó láti wọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ Ìjàn ti ń gbérò, Fọlọ́runṣọ́, oníṣẹ́ bátìrì mọ́tò, ń da nǹkan yíyọ́ kan tó ń dán sí ìdí garawa tó jò. Mosúnmọ́lá dúró. Ọkùnrin yìí ló dí ìdí dúrọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wọn nígbà tó lu lọ́dún tó kọjá.

"Kí lò ń dà síbẹ̀ yẹn?"

"Òjé ni, màmá. Inú bátìrì tó ti kú ni mo ti ń yọ ọ́. Ṣé tiyín ti tún jò ni? Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í jò o."

"Kò jò," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ì bá kúkú jò."

Gbogbo àwọn obìnrin tó ń bọ ìrẹsì ládùúgbò wọn ló ni dúrọ́ọ̀mù náà. Wọ́n á da ìrẹsì eléèpo sínú rẹ̀, wọ́n á bu omi lé e, wọ́n á fi sílẹ̀ títí omi á fi kan. Ìgbà náà ni wọ́n á tó daná sí i lábẹ́, tí wọ́n á sì sá a. Ìdí ìrẹsì sísá ni Àtinúkẹ́ máa ń jókòó sí, á máa fi eyín bó o jẹ.

Nígbà tí Mosúnmọ́lá délé, dúrọ́ọ̀mù ti kún. Ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ sè fún Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀. Ó ki apá bọ omi kíkan náà dé ìdí. Òjé tó nípọn bí àtàǹpàkò nígbà tí Fọlọ́runṣọ́ dà á ti fẹ́lẹ́ bí ewé, ó sì ti jẹ kòtò kòtò. Òjé ò lẹ́sẹ̀. Omi kíkan ló jẹ ẹ́, ìrẹsì ló mu omi, ọmọ òun ló jẹ ìrẹsì.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn yòókù. Ìyá Akínbọ́lá, olórí wọn, ló ṣáájú. Tíṣà Ọlálẹ́yẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kẹ́yìn. Mosúnmọ́lá sọ ohun tó gbọ́ àti ohun tó fọwọ́ kàn.

"Ọmọ rẹ nìkan ló ń ṣàìsàn, o wá ní ká da ìrẹsì Olúwa nù," ni Ìyá Akínbọ́lá wí. "Bí wọ́n bá gbọ́ l'Adó, ta ni yóò tún ra ìrẹsì Ìjàn? Uṣẹ́ gbogbo wa lo fẹ́ bà jẹ́."

"Ẹ la ẹnu àwọn ọmọ yín wò, màmá."

Kò sẹ́ni tó pe ọmọ rẹ̀.

Tíṣà wú ikọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè àti òye tó jinlẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Mo dábàá pé ká yan ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí."

"Ṣé ìgbìmọ̀ yín á jẹ ìrẹsì yìí, Tíṣà? Bí wọ́n bá máa jẹ ẹ́, ẹ yàn wọ́n. Kẹ́ ẹ fúnra yín kọ́kọ́ bu tiyín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Akínbọ́lá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù yẹn ti kúrò nínú ẹgbẹ́."

"Mo ti kúrò nìyẹn."

Ó wọlé, ó gbé àáké jáde. Wọ́n di ìró rẹ̀ mú, ó wọ́ wọn lọ. Ó gbá ìdí dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a, omi tú sí i lẹ́sẹ̀, ìrẹsì tẹ̀ lé e. Kò dáwọ́ dúró títí ìdí náà fi ya débi tí kò sí òjé tó lè dí i mọ́.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bu òjé fún ọmọ mi," ló wí, ó ń mí gúlegúle. "Ẹ lé mi. Ẹ má kí mi lọ́nà oko. Ìkòkò amọ̀ wà nílé mi. Bó ṣe kọ́ńgò kan ni mo lè bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá bọ kọ́ńgò kan, kò ní lóòjé."

Adìyẹ ti rí ìrẹsì nílẹ̀. Wọ́n ń ya bọ̀ láti gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mosúnmọ́lá lé wọn níhìn-ín, wọ́n yọ lọ́hùn-ún. Ó sá lọ sọ́hùn-ún, wọ́n tún padà síhìn-ín. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó.

Ó ṣe, Ìyá Akínbọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó mú igi kan nílẹ̀. "Ṣìì! Ẹ kúrò ńbẹ̀."

Mosúnmọ́lá yíjú sí i.

"Má wò mí," ni ìyá àgbà náà wí. "Mi ò sọ pé òótọ́ lo sọ. Adìyẹ mi ni."

"Ẹ máa bá mi lé wọn, màmá. Mo ń lọ mú ọkọ́ wá, kí n fi bo ìyókù mọ́lẹ̀."

Ìyá Akínbọ́lá gbé igi sókè, ó sì kọjú sí àwọn adìyẹ tó ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn.