Ẹnì Kan Ṣoṣo Ló Pè

"Àrínọlá, níbo lo ti bá bàbá yìí sọ̀rọ̀?"

Orí fóònù ni ìbéèrè náà ti wá. Ìwé ìròyìn mọ́kànlá ló ti gbé ìkéde tó kọ jáde láàárọ̀ Wednesday yẹn, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò yọ kọ́mà kan. Kò sí èyí tó béèrè ohunkóhun nínú wọn. Ọ̀gá Sànúsí nìkan ló pè.

Ọ̀gá Sànúsí ló kọ́ ọ níṣẹ́ ìròyìn. Láyé ìgbà yẹn, bí akọ̀ròyìn bá ti òde dé, ohun kan tí ẹni tí kò débẹ̀ kò lè mọ̀ ni bàbá náà máa ń kọ́kọ́ bi í. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn kógbá wọlé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Àrínọlá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di alukoro fún àwọn olówó Lekki. Ọ̀gá Sànúsí ní òun ò lọ síbì kankan. Ó gba yàrá kan nítòsí Thomas Estate, ó ń gbé ìròyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ni olóòtú, òun náà ni akọ̀ròyìn. Agídí bàbá náà kò kéré.

"Ọ̀gá, àwa la kọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, sà."

"Mo mọ̀. O ní Friday ni Bàbá Dúródọlá, olórí àwọn apẹja Eleko, sọ pé inú àwọn dùn sí hotel tuntun yẹn. Mo pe nọ́ńbà bàbá náà, ìyàwó wọn ló gbé e. Láti Thursday ni wọ́n ti wọ ilé àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì láti gbàdúrà. Ọjọ́ méje, wọn ò gbọdọ̀ bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀. Ọ̀sán òní ni wọ́n máa jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì gbé e."

"Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gbé tèmi jáde."

Ojú ti Àrínọlá gidigidi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ yìí kò tiẹ̀ tíì jẹun ọ̀sán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì dé etí Adégbọlá tó ni hotel, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, bí ojú ṣe ń tì í náà ni orí rẹ̀ ń wú: nínú ilé ìròyìn méjìlá, ẹnì kan ṣì wà tó ń tẹ nọ́ńbà kó tó gbé ìròyìn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó forí lé Eleko.

Etí òkun ló ti bá Bàbá Dúródọlá, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń yẹ ọkọ̀ ojú omi wọn wò. Ó kúnlẹ̀, ó ka ìkéde náà sí wọn létí. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ògiri hotel yẹn ti dí ibi tá a ti ń fa ọkọ̀ gòkè. Kí wọ́n ṣí ọ̀nà kan fún wa, inú wa á dùn lóòótọ́."

Ó pẹ́ tí Àrínọlá ti mú ìwé àkọsílẹ̀ dání kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìkéde tirẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn mọ́kànlá, ó fọwọ́ sí i ní orúkọ ara rẹ̀, ó wá pe Ọ̀gá Sànúsí, ó ka ọ̀rọ̀ Bàbá Dúródọlá fún un.

"Ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, sà."

"Kí ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ wọn?"

"'Olúwa Ló Ń Tukọ̀', sà. Ọ̀dà búlúù ni. Apá ìparí ti ń parẹ́."

Ó gbọ́ tí ìka Ọ̀gá Sànúsí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. Orúkọ Adégbọlá yọ lójú fóònù, ó ń pè, ó tún ń pè. Àrínọlá ò gbé e. Ó dúró lórí iyanrìn, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń retí ìbéèrè kejì.